Máàkì Kọ́ Ni Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Nípa Ìdánwò àti Àwọn Ọmọ Wa

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa nígbà gbogbo tí èsì ìdánwò bá jáde, a ti múra láti tẹ orúkọ àwọn ọmọ wa tí ó yege sí ojú ewé ìròyìn ẹbí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó kọjá, tí a kò lè ṣàì fi tó yín létí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé.

Lẹ́yìn tí akọ̀wé ka orúkọ àwọn ọmọ tí ó rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀, tí gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún wọn, ìyá kan dìde. Ẹni tí gbogbo wa mọ̀ ni. Èlùbọ́ ni ó ń tà ní ọjà Sábọ́ngàrí, kì í sì í ṣe aláròyé. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ ń kí àwọn tí ó yege. Èmi náà bímọ. Ọmọ mi obìnrin jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún kan náà pẹ̀lú àwọn tí ẹ kà yìí. Kò jalè, kò ba orúkọ ilé jẹ́. Ìdánwò àtiwọ yunifásítì ni kò bọ́ sí i fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ṣe é. Láti ìgbà tí èsì ti dé, kò bá mi dé ìsọ̀ mọ́, kò jáde sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìwé ẹgbẹ́ bá sì dé, ojú ewé orúkọ ni ó kọ́kọ́ ń ṣí. Ṣé ọmọ tí kò bá gba máàkì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yìí mọ́ ni?” Ó jókòó. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

Àwa tí a ń ṣe ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ náà bá wí jù lọ. Àwa ni a ń yan orúkọ tí a ó tẹ̀, àwa ni a sì ń kọ máàkì sí iwájú orúkọ ọmọ bí ẹni ń kọ iye owó sí iwájú ọjà. Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti gbé ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹ̀ wò ní oṣù yìí: ibi tí ó ti wá, oore tí ó ń ṣe, ohun tí ó ń sọ ọmọ àti ilé-ẹ̀kọ́ dà, àti bí ó ti kan àwa tí a wà ní ìdálẹ̀.

IBI TÍ Ó TI WÁ

Àwọn bàbá wa tí ó bá rélùwéè dé Kano, èyí tí ó wọ ìlú yìí ní 1911, kò mọ ìdánwò púpọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé mẹ́fà yanjú ti di akọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ ni yóò ṣe ìdánwò Cambridge, láti ìlú Òyìnbó ni ìbéèrè sì ti ń wá. Ní 1952 ni a dá àjọ WAEC sílẹ̀, kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè máa dán ọmọ tirẹ̀ wò. Ní 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ tí ó mọ̀wé wá pọ̀ ju àyè tí ó wà lókè lọ. Nígbà tí àyè kò bá tó, ìdánwò ni a fi ń yan ẹni tí yóò wọlé.

Kí ó tó di 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ kan lè gba àyè ní ibi mẹ́ta kí ọmọ mìíràn má rí ẹyọ kan. Èyí ni ìjọba àpapọ̀ wò tí ó fi dá JAMB sílẹ̀ ní ọdún náà. NECO tẹ̀lé e ní 1999. Láti 2005, ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ń ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB.

Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀. Ọmọ tí ó bá ń wá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ yóò ṣe ìdánwò ní ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní Jùníọ̀ WAEC. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mìíràn, WAEC tàbí NECO, níbi tí ó ti gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò yóò sì wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni JAMB, lẹ́yìn JAMB ni ti yunifásítì. Ìlẹ̀kùn márùn-ún ni, kò sì sí ọ̀kan tí ọmọ lè yà sílẹ̀ kí ó sì bá ọ̀nà náà dé òpin.

OORE TÍ Ó Ń ṢE

A kò kọ̀wé yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánwò. Ẹni tí ó ń máàkì ìwé kò mọ̀ bóyá bàbá ọmọ ń gun mọ́tò tàbí ó ń ti ọmọlanke. Nínú ẹgbẹ́ yìí, a ní ọmọ bíríkìlà tí ó di dókítà, a ní ọmọ ìyá alákàrà tí ó di agbẹjọ́rò. Wọn kò mọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì kankan. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ni ó ṣí ọ̀nà fún wọn. Bí a bá mú ìdánwò kúrò lónìí, tí ó bá wá ku ẹni tí o mọ̀ àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́, àwa tí a wà ní ìlú onílùú ni yóò kọ́kọ́ dùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé èyí.

Ohun tí a ń sọ ni pé, ohun tí a ṣe láti fi mọ ibi tí ọmọ dé ti wá di ohun tí ọmọ ń gbé ayé fún.

OHUN TÍ Ó SỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ DÀ

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń sanwó fún mọ̀ pé èsì ìdánwò ni òbí yóò fi yan òun. Nítorí náà, ohun tí ìdánwò kò bá béèrè, ilé-ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Bí ọmọ bá ti dé kíláàsì tí ó gbẹ̀yìn, a ó gbé ìwé ẹ̀kọ́ tì, a ó mú ìwé ìbéèrè àtijọ́. Tíṣà yóò ka ìbéèrè, ọmọ yóò pe ìdáhùn, wọn yóò sì tún ìyẹn mú. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́sìnnì. Ní Sátidé, lẹ́sìnnì. Ọmọ kò mọ eré mọ́, kò mọ ìyá àgbà, kò mọ ìsìnmi.

Ẹ wo ìdánwò JAMB fúnra rẹ̀. Láti 2015 ni gbogbo rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni a fún ọmọ, máàkì 400 sì ni ó wà nílẹ̀. Bí a bá pín wákàtí méjì sí ọ̀nà 180, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá 40 yìí ni ọmọ yóò ti kà á, tí yóò rò ó, tí yóò sì mú ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ó yẹ kí ọmọ mọ bí a ti ń ṣe é, nítorí pé ọ̀nà tí ó wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá kọ́ ju èyí lọ ní ọdún mẹ́fà ti jẹ gbèsè.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì Sátidé ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà wọn ní ilé, ní èdè Yorùbá tàbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó bá wù wọ́n. Àwọn ọmọ tí ó mọ ìdáhùn ìbéèrè bí ẹni mọ àdúrà ń jẹ igi bírò. Ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ wa pé, “Bàbá, ìdáhùn tí a ó mú nínú rẹ̀ ńkọ́?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Ti èdè wa tún wà nínú rẹ̀. WAEC ní ìdánwò èdè Yorùbá, bí ó ti ní ti Haúsá àti ti Ìgbò. Ṣùgbọ́n níbi tí a wà yìí, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ Yorùbá ṣọ̀wọ́n, tíṣà rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kò rí i kọ́, nítorí náà kò forúkọ sílẹ̀ fún un. Bí kò sì ti sí nínú ìdánwò rẹ̀, àwa òbí náà a máa sọ pé, “Fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ṣe èyí tí yóò fún ọ ní máàkì.” Àwa ni a ń fi ẹnu ara wa sọ ọ́.

ÈRÚ

Nígbà tí a bá sọ máàkì di ohun gbogbo, àwọn kan yóò máa tà á. Àwọn àgbà wa rántí 1977, nígbà tí ìbéèrè WAEC jò káàkiri orílẹ̀-èdè, tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Expo 77. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá ṣe èrú nínú ìdánwò. Ẹ̀wọ̀n náà kò dá a dúró. Lónìí, àwọn ibìkan wà tí òbí ń sanwó sí kí wọ́n lè bá ọmọ ṣe ìdánwò, gbogbo wa ni a sì mọ orúkọ tí a ń pe irú ibẹ̀: sẹ́ńtà ìyanu.

Kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: àwọn kan nínú wa ti gbé ọmọ lọ sí irú ibẹ̀. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ra máàkì fún mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òbí òun kò gbà pé òun lè ṣe é. Ẹrù wúwo ni èyí fún ọmọ láti gbé wọ yunifásítì. Bí ó bá sì dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé e.

ÒṢÙWỌ̀N NÁÀ LÈ ṢÌNÀ

Ọdún 2025 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí kò yẹ kí a gbàgbé. Nínú àwọn ọmọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì tí ó ṣe JAMB ní ọdún náà, àwọn tí kò gba 200 nínú 400 ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Ariwo ta. Àwọn kan ní ọmọ ayé ìsinsìnyí kò kàwé, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Kò pẹ́ tí àjọ náà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé kọ̀ǹpútà ṣe àṣìṣe ní sẹ́ńtà 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ni ó kàn. Ní May 14, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, gba ẹ̀bi náà ní gbangba, ó sì sunkún. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò náà ṣe.

Ní oṣù kan náà, ní May 28, ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC pẹ́ kí ó tó dé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ àwọn ọmọ lórí rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì àti fìtílà ni àwọn kan fi kọ ọ́. Ní August, WAEC gbé èsì jáde: ó ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Láìpẹ́ ọjọ́, wọ́n ní àṣìṣe ti wà nínú bí a ti máàkì rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe. Ìdá náà di 62.96.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbí yìí kí ẹ rò ó. Láàrin èsì àkọ́kọ́ àti èkejì, àwọn ọmọ tí ó tó 485,000 wà tí a ti sọ fún pé ẹ kò yege, tí wọ́n sì ti yege. Mélòó nínú wọn ni bàbá ti nà kí èsì kejì tó dé? Mélòó ni a ti pè ní olódo lójú àwọn àbúrò rẹ̀? WAEC tún máàkì ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu òbí jáde kò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ ÌDÁLẸ̀

Ìyá wa elélùbọ́ mọ̀ pé múdù kan náà ni a fi ń wọn ọjà fún gbogbo oníbàárà. Ti ìdánwò kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ìwé kan náà ni gbogbo ọmọ ń kọ láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n máàkì tí a fi ń gbà wọ́n yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ní 2013, iye tí ìjọba kéde nìyí: Ọ̀yọ́ 127, Ọ̀ṣun 127, Ògùn 131, Èkó 133, Kwara 123, Kano 67. Ti Anambra lọ sókè dé 139. Ti Zamfara jẹ́ 4 fún ọmọkùnrin, 2 fún ọmọbìnrin.

Kì í ṣe ibi tí a bí ọmọ sí ni a ń wò, ìpínlẹ̀ baba rẹ̀ ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí sí Sábọ́ngàrí, tí kò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ó bá gba 100 ní ọdún náà, kò wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tí tíṣà kan náà kọ́, wọlé pẹ̀lú 70. Báwo ni a ó ti ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọdún mọ́kànlá?

A kì í ṣe ìlara ọmọ onílé. A mọ ìdí rẹ̀: ìwé tètè dé Gúúsù, ó pẹ́ dé ibòmíràn, ìjọba sì fẹ́ kí gbogbo ìpínlẹ̀ rí ọmọ wọn nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní ìhà ibí yìí ni kì bá tí rí ilé-ẹ̀kọ́ bí a kò bá ṣí ọ̀nà fún wọn. Ṣùgbọ́n ní 2014, nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba pè, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dá a pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tako òfin orílẹ̀-èdè. Àwa gbà pé a lè ran ọmọ kan lọ́wọ́ láìti èkejì síta.

Ti yunifásítì ìjọba àpapọ̀ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ìlànà tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, ìdá 35 ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì ká, ìdá 20 ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìwé kò tíì rinlẹ̀ sí. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó ń wá Yunifásítì Bayero, tí ó lè wọ ọkọ̀ dé láti ilé, kò ní ìpín nínú ìdá 35, kò ní nínú ìdá 20. Máàkì gíga nìkan ni ó kù fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá yan Ìbàdàn, ìpínlẹ̀ baba rẹ̀ wà lára àwọn tí a kà mọ́ ibẹ̀. Àwọn ará wa láti Òfà, Ìlọrin àti Kàbbà ní tiwọn wà ní Kwara àti Kogi, tí a kà mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ní ìpín nínú ìdá 20. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ èyí títí ọmọ yóò fi yan ibi tí kò bá a mu. Ọmọ á gba máàkì tí ó dára, á sì jókòó sílé.

Nítorí náà, ẹ fetí sí ìmọ̀ràn yìí. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ ọmọ yín ní ìjọba ìbílẹ̀ nílé kí ó tó di ọdún ìdánwò. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí wọn yóò béèrè rẹ̀. Ẹ má ṣe ra ìwé ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn nítorí máàkì kékeré, ọjọ́ tí àṣírí bá tú, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ rí i pé orúkọ ọmọ lórí NIN bá ti ilé-ẹ̀kọ́ mu, nítorí láti 2021 ni JAMB kò ti gba ẹni tí kò ní in. Kí ọmọ tó yan yunifásítì, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

OHUN TÍ A PINNU

A wá padà sọ́dọ̀ ìyá tí ó dìde ní ìpàdé. Àwa olóòtú jíròrò, a sì bẹ̀ ẹ́. Láti oṣù yìí lọ, ìwé yìí kò ní tẹ máàkì sí iwájú orúkọ ọmọ kankan mọ́. A ó máa kí àwọn tí ó rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀, nítorí ayọ̀ wọn ni ayọ̀ wa. Ṣùgbọ́n a ó tẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní ọdún, àti orúkọ gbogbo àwọn tí ó gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, ìbáà ṣe télọ̀, ìbáà ṣe mẹkáníìkì, ìbáà ṣe kápẹ́ńtà. Kíláàsì Sátidé wa yóò máa kọ́ ọmọ ní lẹ́tà kíkọ àti ìwé kíkà ní Yorùbá, yàtọ̀ sí ìbéèrè àtijọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe Yorùbá ní WAEC, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì méjì ti yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ ọ.

Ẹ̀yin bàbá, bí èsì bá dé tí kò dára, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ èyí tí ọmọ lè jẹ. Ọ̀la ni a ó jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi ọmọ ẹlòmíràn bú ọmọ yín. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ṣiṣẹ́ yín dáadáa, ẹ má ṣe èrú; bí kò bá sì bọ́ sí i, ẹ jáde wá bá wa. Ìdánwò yóò tún wà ní ọdún tí ń bọ̀.

Ọmọ ìyá wa náà ti jáde. Ìyàwó akọ̀wé ni ó lọ pè é, tí ó sì jókòó tì í títí ó fi dáhùn. Ó ti tún forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán kí ọjọ́ náà tó dé. Ní Sátidé, òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní A, B, D. Ẹ ṣí ojú ewé ìròyìn ẹbí. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá parí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ní ọdún yìí, tí kò rí orúkọ rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kí ó sì fún akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Kí Ọlọ́run dá gbogbo wọn sí fún wa. Àmín.